Ta Ló Ń Jẹ́ Unknown?

Túsìdeè, 4 oṣù kejì, 2025

Wọ́n ti gbé Ìyá Àgbà sórí pósítà. Mo rí wọn lónìí lára gíláàsì láìbúrì àdúgbò wa nílùú Ọba níbí, nígbà tí mo ń ti ilé màmá òyìnbó tí mo ń tọ́jú ní Alibon bọ̀. Òjò ń rọ̀, mi ò mú àǹbùrẹ́là, síbẹ̀ mo dúró mo ń wò wọ́n. Ìyá bàbá mi nìyẹn. Wọ́n jókòó sórí àga níwájú sọ́ọ̀bù fọ́tò bàbá mi ní Gáò, yanrìn bo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n le ojú bí ẹni pé ẹni tó ń ya fọ́tò yẹn jẹ wọ́n ní àlàyé. Inú mi dùn. Mo wá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀: "Unknown woman, Gao, Mali, 1958."

Unknown.

Èmi ni mo gbé fọ́tò yẹn fún wọn o. Inú àpótí tí Màámi fi sílẹ̀ ló wà. Mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì, mo gbé e lé itan bí ọmọ tuntun, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án. Mo sọ fún Levi, ọmọkùnrin tó ń ṣètò àfihàn fọ́tò àwọn Yorùbá tó gbé ní Gáò, mo ní "my grandmother". Ó mi orí. Ó wá lọ kọ Unknown. Ṣé orí lásán ló ń mì ni?

Mo pè é lórí fóònù níbẹ̀, mo fi ẹ̀sùn kàn án pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi. Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òun bẹ̀bẹ̀, kí n jọ̀ọ́, kí ni orúkọ wọn?

Mo la ẹnu. Òjò ló wọ̀ ọ́.

Wẹ́sìdeè, 5 oṣù kejì

Mi ò mọ orúkọ ìyá tó bí bàbá mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá sọ ọ́ fún mi? Ìyá Àgbà ni gbogbo àwa ọmọ ń pè wọ́n. Àwọn aládùúgbò ní Gáò ń pè wọ́n ní Ìyá Fọ́tò. Nígbà tí wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n di Ìyá Gáò. Bàámi kú kí n tó gbọ́n. Màámi sì rèé, obìnrin ilé ni wọ́n, obìnrin ilé kì í dárúkọ ìyá ọkọ. Títí wọ́n fi kú, "Ìyákọ mi" ni wọ́n ń wí.

Mo pe Láyí, ọmọ àbúrò bàbá mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Láyí, kí ni orúkọ Ìyá Gáò?"

"Àǹtí Ṣọlá, Ìyá Gáò ni."

"Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn ni mò ń béèrè."

"Háà, Àǹtí, wọ́n ti dàgbà nígbà tí mo bá wọn."

Ó wá ní kí n bá òun fi nǹkan díẹ̀ sórí fóònù òun. Mo pa tèmi.

Fráìdè, 7 oṣù kejì

Levi wá sílé. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo sọ. Ó ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ni wọ́n máa tẹ gbogbo orúkọ tó máa wà lábẹ́ àwọn fọ́tò. Èyí tí ò bá lórúkọ, Unknown ni. Mo ní ṣebí tí àfihàn bá parí, ó parí. Ó ní rárá, ibi ìpamọ́ ni àwọn fọ́tò náà ń lọ lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ tó bá bá wọn wọlé ló máa wà lára wọn nígbà tí gbogbo wa bá ti kú.

Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí láti àárọ̀. Ogun ti gbá sọ́ọ̀bù bàbá mi lọ ní Gáò. Àwọn tó jókòó nínú fọ́tò wọ̀nyí ti lọ. Ohun tó kù kò ju bébà yìí lọ, ìyẹn náà ni wọ́n fẹ́ kọ Unknown sí. Obìnrin tí gbogbo Yorùbá tó bá ti ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Gáò kọ́kọ́ ń jẹun nílé ẹ̀.

Moṣọpẹ́ ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó jẹun, ó fi abọ́ sí síńkì, ó gòkè lọ. Ọmọ tó ti ń gba owó oṣù. Mo dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo lọgun.

"Moṣọpẹ́. Moṣọpẹ́, ọ̀bùn. Wá fọ abọ́ ẹ."

"In a minute, Mum."

Màámi ló bà á jẹ́. Àwọn náà ni wọ́n fún un lórúkọ yẹn. Dárasími ni èmi fẹ́, wọ́n ní àfi Moṣọpẹ́. Ó dáa, mo gbà. Látọjọ́ náà, wọn ò fẹnu ara wọn pe Moṣọpẹ́ rí. Àgbà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí ò tíì léyín. "Àgbà, ẹ káàárọ̀. Àgbà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Mo ní Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi orúkọ há mi lọ́wọ́, tí ẹ̀yin ò sì lò ó? Wọ́n ní kí n lọ wo ẹ̀wà tó wà lórí iná.

Mọ́ńdè, 10 oṣù kejì

A lọ sí Beam Park, èmi àti Levi. Ọ̀dọ̀ Màmá Irewọlé. Àwọn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, agboolé kan náà ni gbogbo wọn jọ gbé ní Gáò. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nílé Irewọlé ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé, nínú fúláàtì tuntun tí ooru inú ẹ̀ pọ̀ débi pé Levi bọ́ kóòtù, ó bọ́ súwẹ́tà. Àwọn nìkan ló kù tó mọ àwọn tó wà nínú fọ́tò. Mo ti sọ fún Levi lọ́nà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Màmá sọ̀rọ̀ títí. Bí ìjì yanrìn ṣe ń dé tí wọ́n á sáré da aṣọ bo ìkòkò ọbẹ̀, tí wọ́n á sì tún jẹ yanrìn náà. Bí wọ́n ṣe ń sùn lórí òrùlé nígbà ooru. Bí ràkúnmí kan ṣe jẹ gèlè ìgbéyàwó wọn lórí okùn. Levi gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan, ojú ẹ̀ ń dán. Mo wá kó fọ́tò sílẹ̀.

"Màmá, ta nìyí?"

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Bàbá mi nìyẹn, Màmá. Èyí ńkọ́?"

"Eyínfúnjowó."

"Èyí?"

"Bàbá Irewọlé."

"Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wọn gan-an."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n bọ́ síhòòhò. "Ṣọlá. Mo bá wọn nílé ni. Ọmọ ilé ọkọ ni wọ́n. Ṣé orúkọ ọmọ ilé ọkọ ni wàá ní kí n máa pè láàárọ̀ Mọ́ńdè?"

Mo gbé fọ́tò Ìyá Àgbà síwájú wọn. Ojú ẹsẹ̀ ni Màmá sún kúrò lórí àga, orúnkún ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, àfi ìgbà tí Levi sáré dì wọ́n mú. Wọ́n tún gèlè ṣe. "Ìyákọ mi," wọ́n wí jẹ́jẹ́.

"Orúkọ wọn, Màmá."

"Ṣé o fẹ́ kí ẹnu mi wọ́ ni?"

"Wọ́n ti kú, Màmá. Ó ti pẹ́."

"Ẹn-ẹ́n. Tí wọ́n bá kú, èmi ò ṣe ìyàwó wọn mọ́, àbí?"

Mo ní ó dáa, èmi á máa pe orúkọ, tó bá ti kàn án, kí wọ́n wúkọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní ikọ́. Mo ní ṣé lẹ́tà A ló fi bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní àwọn ò lọ síléèwé. Wọ́n wá fún Levi ní pọfúpọfú, wọn ò fún mi.

Tọ́sìdeè, 13 oṣù kejì

Levi fi ohun tó ti kọ ránṣẹ́. Bàbá mi: "Mr Opelenge, photographer." Àbúrò bàbá mi: "Mr Eyinfunjowo, tailor." Ìyá Àgbà: "Mrs Iyako Mi."

Mo pè é. Mo ní Levi, o kọ bàbá mi ní Ọ̀gbẹ́ni Tínrín. Àbúrò wọn, Ọ̀gbẹ́ni Eyín-ẹ̀-funfun. Ìyẹn tún sàn. Ìyá Àgbà, o pè wọ́n ní Ìyáàfin Ìyá-Ọkọ-Mi. Ìyá ọkọ ta ni? Ìwọ Levi, ọkọ wo lo fẹ́?

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dáa, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀.

Sọ́ńdè, 16 oṣù kejì

Bàbá Adédèjì náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ni olórí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Wọ́n ti lọ bá Levi láìjẹ́ kí n mọ̀, wọ́n ní àwọn mọ gbogbo Yorùbá Gáò. Wọ́n ní Comfort ni Ìyá Àgbà ń jẹ́.

Mo dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa pẹ̀lú sùtánà funfun, mo ní kí gbogbo ayé gbọ́.

"Bàbá, níbo lẹ ti mọ ìyá mi àgbà?"

"Nínú ẹ̀mí."

"Ṣé ẹ dé Gáò rí?"

"Mo kọjá níbẹ̀."

"Nínú kí ni?"

Wọ́n ń tún àmùrè wọn dì. "Nínú ẹ̀mí náà ni."

Mo ní Bàbá, òpùrọ́ ni yín, kí Ọlọ́run forí jì yín, ẹ fún mi ní bàtà mi tẹ́ ẹ dúró lé. Levi náà ò sì gbọ́n. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀: "Comfort." Níbi tó yẹ kó kọ ẹni tó sọ ọ́ sí, ó kọ "vision".

Sátidé, 22 oṣù kejì

Òtútù. Iṣu pọ́ùn méje ní Heathway, ìdajì rẹ̀ ti rà. Mo dá a padà, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún ọlọ́jà. Orúnkún ń dùn mí. Kò sí orúkọ.

Sọ́ńdè, 23 oṣù kejì

Mi ò fẹ́ kí Bàbá Adédèjì gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n orúnkún ò mọ ìjà. Mo kúnlẹ̀ lórí èkejì. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n pa ojú dé.

"Orúkọ?"

"Bàbá, ẹ mọ orúkọ mi. Ẹ̀yin náà lẹ fi mí sùn lọ́dọ̀ Levi pé onírògbòdìyàn ni mí."

"Ọ̀run ló ń béèrè. Orúkọ, àti orúkọ ìyá tó bí ọ."

Mo dárúkọ. Mo dárúkọ Màámi. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, láti kékeré, ẹni tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún, wọ́n á pe orúkọ ẹ̀ àti ti ìyá ẹ̀, kí ìbùkún má baà lọ sílé onílé. Màmá Irewọlé náà, ṣọ́ọ̀ṣì wa kan náà ni wọ́n ń wá.

Mo la ojú sílẹ̀ láàárín àdúrà. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun." Wọ́n ní àwọn ò tíì ṣe àmín. Mo ti ń wá bàtà mi. Èmi ò gbàgbé pé òpùrọ́ ni wọ́n o.

Túsìdeè, 25 oṣù kejì

Mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ sí Beam Park.

"Màmá, ṣé a ti ṣe àdúrà ìrántí fún àwọn ará Gáò rí?"

Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn. "Ta ló rán ọ?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run yẹn, ṣé Levi ló ń jẹ́?"

Màmá nu ọwọ́. Wọ́n wo ojú fèrèsé títí, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé mìíràn lé ibi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò tẹ́lẹ̀.

"Àwọn yẹn wá kọ nǹkan sábẹ́ ìyákọ mi. Irewọlé kà á fún mi. Ó ní wọ́n kọ pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ́n. Ọlọ́run ò kúkú jẹ́ ará ilé ọkọ mi. Mo lè dárúkọ wọn fún un."

Sọ́ńdè, 2 oṣù kẹta

Lẹ́yìn ìsìn, a gbé tábìlì sí iwájú, a to àwọn fọ́tò lé e, àbẹ́là kọ̀ọ̀kan níwájú wọn. Irewọlé gbé àga sílẹ̀ fún Màmá. Levi wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹ̀. Bàbá Adédèjì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Màmá ní kí wọ́n dákẹ́.

"Gbogbo yín, ẹ jáde."

Bàbá ní àwọn ni olórí àdúrà. Màmá ní, "Ẹ kọ́kọ́ jáde." Levi sáré wá gbé ẹ̀rọ, Màmá gbá a lọ́wọ́ jẹ́jẹ́.

"Ìyẹn kì í ṣe ènìyàn. Fi sílẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Levi. Levi ní ṣé Màmá mọ̀ pé ó máa gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ? Màmá ní, "Sọ fún un pé mo darúgbó, mi ò ya dìndìnrìn."

A dúró síta nínú afẹ́fẹ́, níwájú ibi táyà, pẹ̀lú sùtánà, láìwọ bàtà, torí ẹ̀rù ń bà wá láti wọlé lọ mú un. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Bàbá Adédèjì fi etí kan ilẹ̀kùn. Mo fi àmùrè wọn wọ́ wọn kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Màmá ṣílẹ̀kùn, ojú wọn ti pọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti bá Ọlọ́run sọ tèmi. Ohun tí ẹ̀rọ yín bá gbọ́, ẹ̀yin àti ẹ̀rọ ni."

Mọ́ńdè, 3 oṣù kẹta

Ní kíṣìnì mi la ti gbọ́ ọ, èmi, Levi, àti Moṣọpẹ́ tó ń bá wa so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà ẹ̀.

"Olúwa, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyí. Sámúẹ́lì Oyèyẹmí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé ó ya mí ní fọ́tò níbi tí mo ti sùn tí mo yanu, ó fi han gbogbo Gáò. Dárí jì í. Eyínfúnjowó nìyí, Dávídì Oyèyẹmí. Eyín ẹ̀ funfun lóòótọ́, Olúwa, irọ́ ló ń gba ibẹ̀ jáde. Ìwọ náà mọ̀."

Levi ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń túmọ̀. Ó ní ṣé kí òun kọ ti irọ́ náà? Mo ní kó kọ ọ́.

"Bàbá Irewọlé nìyí. Ọkọ mi. Ọlọ́ládé." Màmá rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọlọ́ládé. Ọlọ́ládé." Bí ẹni tó ń tọ́ oyin wò. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya, wọn ò pè é rí.

A wá gbọ́ bí àga ṣe ń wọ́ nílẹ̀, tí Màmá ń mí, tí orúnkún ń kanlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò mọ̀ yín, ìyẹn ló fà á. Olúwa, ìyákọ mi nìyí. Ọmọ ilé ọkọ ò tó méjì tí mo fẹ́ràn tó wọn. Moṣọpẹ́ lorúkọ wọn. Moṣọpẹ́ ọmọ Hajarat."

Levi gbé orí sókè. Ó wo ọmọ mi. "Like you?"

"Wait," Moṣọpẹ́ ní. "Mum?"

Màámi ni mò ń gbọ́. Àgbà, ẹ káàárọ̀. Àgbà, ṣé ẹ sùn dáadáa? Mo fi ẹ̀sùn kàn wọ́n títí wọ́n fi kú pé wọ́n fún ọmọ mi lórúkọ tí àwọn fúnra wọn ò fẹ́. Wọn ò lè pè é ni. Wọ́n wá gbé e sí ẹnu mi, èmi tí mo lè pè é, kó má baà sọnù.

Mo sì pè é. Mo pè é ní ọ̀bùn. Mo pè é ní olóríkunkun nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tó wà lọ́mọdé, mo dúró nínú ọjà Asda, mo lọgun orúkọ ìyá bàbá mi láàárín àwọn òyìnbó nítorí pé ó lọ fara pamọ́ síbi bisikíìtì.

Fráìdè, 7 oṣù kẹta

Levi ti tẹ̀ ẹ́. Àmì orí pé, àmì abẹ́ pé. Mo wá àṣìṣe títí, mi ò rí. Ó dùn mí díẹ̀.

Sátidé, 15 oṣù kẹta

Àfihàn ṣí lónìí, nínú gbọ̀ngàn kan ní Barking Riverside. Oòrùn yọ, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ gba gèlè. Irewọlé gbé Màmá wá. Wọ́n dúró wo odò Tẹ́mísì.

"Ṣé eléyìí lẹ̀ ń náwó lé lórí láti gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀? Ẹ ò rí Odò Ọya ní Gáò."

Ìyá Àgbà wà lójú ọ̀nà, wọ́n ga ju mí lọ, yanrìn wà lẹ́sẹ̀ wọn, orúkọ wọn wà lábẹ́ wọn, lẹ́tà ńlá. Màmá tún gèlè ṣe, wọ́n kí ìyákọ wọn.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ báyìí?"

Mo la ẹnu, mi ò lè sọ ọ́ lójú Màmá. Irewọlé ń wo bàtà ẹ̀. Àfi Bàbá Adédèjì tí ẹnikẹ́ni ò pè, wọ́n sún síwájú, wọ́n kà á pẹ̀lú ohùn ìwàásù: "Moṣọpẹ́ Oyèyẹmí, ọmọ Hajarat."

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ṣùgbọ́n mo rí ẹnu wọn, ẹ̀rín kún un.

"Ohun tí mo rí nínú ẹ̀mí náà nìyẹn," Bàbá ní.

"Comfort lẹ rí, Bàbá."

"Ọpẹ́ àti ìtùnú, ta ló fẹ́ yà wọ́n?"

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ronú pìwà dà, àmọ́ wọ́n ti gbé pọfúpọfú.

A délé. Moṣọpẹ́ jẹun, ó fi abọ́ sí síńkì, ó gòkè lọ. Mo lọ dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Mo tún la á.

"Àgbà," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa fọ abọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀ láìsọ pé in a minute, ó ń wò mí bóyá ara mi ò yá.

"Mum. That's what Grandma used to call me."

Mo ní mo mọ̀.

Ó fọ abọ́ náà. Ó fọ tèmi mọ́ ọn.